Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Ojú Wò Nígbà Tó Ṣì Ń Ríran

  

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé òṣìṣẹ́ ágíríìkì tó máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀ àti irúgbìn gbé ọ̀rọ̀ ojú wá lónìí. N kò fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ dókítà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń dé, mo ń rí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn dókítà kan ní orílẹ̀-èdè yìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, wọ́n sì rí i pé nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 6 ló ní in. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní 50 ọmọ ẹgbẹ́, ènìyàn mẹ́ta nìyẹn, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn àti aya tàbí ọkọ wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀ kòkó kan. A fẹ́ wo ìwé ìṣirò wọn kí wọ́n tó pín oògùn kòkó. Akọ̀wé wọn jẹ́ bàbá kan tí ìwé rẹ̀ máa ń dùn ún wò, ìlà rẹ̀ gún, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo rí i pé àwọn nọ́ńbà ti ń bọ́ kúrò lórí ìlà, ó sì kọ 8 sí ibi tí 3 yẹ kó wà. Mo fi ṣe àwàdà. Mo ní, "Bàbá Akọ̀wé, àbí ẹmu àná ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, sà?" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọ̀gá ágíríìkì, ọjọ́ orí ni o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì bá iṣẹ́ wa lọ.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí bàbá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n rí nǹkan dúdú bí òwú aláǹtakùn tó ń léfòó níwájú ojú òsì wọn. Wọ́n fi ọwọ́ nù ún, kò lọ. Wọ́n fi omi tútù bọ́jú, kò lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ojú náà ti ṣú bí omi tí wọ́n da aró sí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá, nítorí ojú ọ̀tún ṣì ń ríran, wọ́n sì ní kòkó tí wọ́n ń sá. Dókítà sọ fún wọn pé ojú òsì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ojú ọ̀tún náà ti ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá a pàdé lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lésà ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, òun náà ni bàbá ń lò di òní. Ọmọ wọn obìnrin ló ń kọ ìwé ẹgbẹ́ báyìí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ ìtàn yìí, wọ́n ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣá ti dárúkọ.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé bàbá yìí kì í ṣe aláìgbọràn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń lo oògùn wọn. Wọ́n dín ẹ̀bà kù. Oṣooṣù ni wọ́n ń lọ sí ọsibítù, tí wọ́n ń gún wọn lórí ìka láti wo ṣúgà. Nínú gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, wọn kò yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wọn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ẹ̀ẹ́ bèèrè pé kí ló dé. Èmi náà bèèrè, ìdáhùn rẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ṣúgà ń ṣe nínú ojú. Awọ tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú wa lọ́hùn-ún. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohun báyìí ni à ń wò. Àwọn òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún awọ yìí kéré ju irun orí lọ. Ẹ rántí rọ́bà tó ń gbé oògùn láti inú ẹ̀rọ ìfínkòkó lọ sí ẹnu rẹ̀. Bí oògùn líle bá ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, tí ẹ kì í fọ̀ ọ́, rọ́bà náà á rọ̀, á máa jò níbì kan, á sì dí níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni òpójẹ̀ ojú ṣe ń ṣe bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó tún ń fi agbára pọ́ńpù rọ́bà tó ti rọ̀. Nígbà tí òpójẹ̀ bá dí, ebi á máa pa awọ ẹ̀yìn ojú, ara á wá hu òpójẹ̀ tuntun. Àwọn tuntun yìí kò lágbára rárá. Ẹ ti rí àgbàdo tó hù lábẹ́ ìbòòji, tó ga fíofío tí kò lẹ́ran lára. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Tí wọ́n bá já, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ẹyinjú, òun ni òwú dúdú tí Bàbá Akọ̀wé rí.

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, kò sí èyí tó ń dunni. Ojú kì í pọ́n, kì í sepin, kì í ro. Ènìyàn lè máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ geere nígbà tí òpójẹ̀ ti ń jò lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàdo sínú àpò mọ ohun tí mo ń wí. Abo kòkòrò àgbàdo á lu ihò bíńtín sára èso, á yé ẹyin kan síbẹ̀, á sì fi nǹkan dí ojú ihò náà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan wò, ó ń dán, ó mọ́ tónítóní. Ìgbà tí ìyẹ̀fun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lábẹ́ àpò ni ẹ óò mọ̀ pé inú ti tán. Ta ni nínú yín tó ń dúró de ìyẹ̀fun kó tó yẹ àgbàdo rẹ̀ wò?

Nítorí náà, ìdí kìíní tí àwọn ènìyàn fi ń pa ọjọ́ ojú jẹ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n ń ríran. Ẹni tó ń ríran, kí ló fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà ojú? Mi ò lè bá wọn jà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti sọ fún mi pé ṣúgà wà lára mi, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń sọ pé n óò lọ, n óò lọ. Èmi tí mo máa ń bá àgbẹ̀ jà pé kò yẹ oko rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá Akọ̀wé ni mo tó lọ.

Ìdí kejì ni pé ọ̀pọ̀ wa rò pé wọ́n ti yẹ ojú wa wò nígbà tí wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́. Bàbá Akọ̀wé gbà pé ìka tí wọ́n ń gún lóṣooṣù, ara gbogbo ni wọ́n fi ń wò. Ẹlòmíràn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín awò ojú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kó ka lẹ́tà lára ògiri, wọ́n fún un ní awò, ó sì délé pé ojú òun kò ní nǹkan kan. Lẹ́tà ara ògiri ń sọ bí ẹ ṣe ń ríran lónìí ni. Kò lè sọ bí òpójẹ̀ ẹ̀yìn ojú ṣe rí. Ìyẹn gba kí wọ́n fi iná tàbí kámẹ́rà wo inú ẹyinjú gan-an. Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní àtọ̀gbẹ, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú mi wò." Ẹ má kàn sọ pé ojú ni ẹ bá wá, kí wọ́n má baà kọ awò fún yín. Lórí awò yìí náà, bí ṣúgà yín bá ń lọ sókè sódò, ẹ má tíì rà á. Ojú á máa ṣe bàìbàì lónìí, á mọ́lẹ̀ lọ́la, awò tí ẹ rà lóṣù yìí sì lè má bá a mu mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà kọ́kọ́ fìdí mọ́lẹ̀.

Ìdí kẹta ni owó àti ọjọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti fara mọ́ àwọn àgbẹ̀ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ń sọ ọ́ bíi pé ìwà ọ̀lẹ ni. Ẹni tó wà ní abúlé tí mọ́tò kì í wọ̀ àfi ọjọ́ ọjà, tó máa gun ọ̀kadà dé títì, tó máa tún wọ mọ́tò dé ìlú ńlá, tó máa tò síbẹ̀ láti àárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ kan ti lọ, owó ọkọ̀ ti lọ, bóyá wọ́n á tún ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti fún Bàbá Akọ̀wé ní ìwé pé kí wọ́n lọ rí dókítà ojú lẹ́ẹ̀kan rí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí olùra kòkó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, èwo ni ẹ máa yàn? Ìwé náà wà nínú àpótí wọn títí ọjọ́ tí ojú fi ṣú. Ní ọsibítù náà, kò sí ẹni tó tún bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́, n kò sì lè sọ pé àgbẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi níbẹ̀.

Ìdí kẹrin ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù oògùn tí wọ́n ń kán sójú wà. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń kán oògùn kan kí ẹyinjú lè ṣí gbayawu, kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn dáadáa. Ó máa ń ta ènìyàn díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú á máa ṣe bàìbàì fún wákàtí bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, oòrùn á sì máa gún un. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọn kò sọ èyí fún tẹ́lẹ̀ á rò pé wọ́n ti fọ́ òun lójú, á sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo abúlé. Ẹ mú àkẹtẹ̀ dání, ẹ mú ọmọ kan tàbí aládùúgbò lẹ́yìn, ẹ má sì fi ara yín gun ọ̀kadà wálé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù lésà tún ju ìyẹn lọ. Mo ti gbọ́ ọ ní ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé, "Lágbájá lọ ṣe iná ojú, òun ló fọ́ ọ lójú." Nígbà tí a bá wádìí rẹ̀ wò, ìgbà tí ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni lágbájá lọ. Lésà kì í dá ojú tó ti lọ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá èyí tó kù dúró. Bí ẹ bá gé kòkó tó ti jẹrà dànù lára igi, èyí tó jẹrà kò ní padà dára, ṣùgbọ́n èyí tó kù lórí igi lè yè. Láti 1976 ni ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé lésà ń dín ìfọ́jú líle kù ju ìlàjì lọ nínú ojú tí irú òpójẹ̀ tuntun yìí ti ń dà láàmú. Lóde òní, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú ojú tún wà, tó ń mú kí òpójẹ̀ yé jò. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ojú kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri kí wọ́n tó gún un.

Ní ti omi ewé, omi ṣúgà àti ìtọ̀ tí àwọn kan ń kán sójú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àìsàn yìí wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ohun tí ẹ bá kán síwájú kò ní dé ibẹ̀, ó sì lè dá egbò sí iwájú tó dára.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í pa ọjọ́ jẹ. Mo mọ ìyá kan tó ń ṣe gàárì, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ń lọ lọ́dọọdún. Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé ìtọ̀ ṣúgà ni, nọ́ọ̀sì kan dì mí lọ́wọ́ mú, ó mú mi lọ sí yàrá ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ya fọ́tò inú ojú mi, ó fi hàn mí. Mo rí àwọn òpójẹ̀ pupa bí gbòǹgbò. Ó ní ẹni tó rí ojú ara rẹ̀ kò ní gbàgbé." Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kó àgbàdo àkọ́rò tán, tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́, tí iṣẹ́ sì dẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ń lọ. Ọmọ wọn ti fi báírò yí ọjọ́ náà po lára kàlẹ́ńdà. Ọdún kẹfà ni dókítà rí i pé ibì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìyá ṣì ń fa gàárì wọn lójú iná, wọ́n sì ń ka owó wọn fúnra wọn.

Ẹ wo ohun tó yàtọ̀ láàárín ìyá yìí àti Bàbá Akọ̀wé. Kì í ṣe ìgboyà, kì í sì í ṣe ìwé kíkà, nítorí bàbá kàwé ju ìyá lọ. Ẹnì kan mú ìyá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọjọ́ kan pàtó tí kò bá iṣẹ́ oko jà, ẹnì kan nílé sì ń rán wọn létí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2003 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń fi lẹ́tà pe ẹnikẹ́ni tó ní àtọ̀gbẹ, láti ọmọ ọdún 12 sókè, pé kó wá ya fọ́tò ojú. Ọdọọdún ni tẹ́lẹ̀. Láti 2023, wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra wá ní ọdún méjì méjì. Ní 2014, àwọn onímọ̀ gbé e jáde pé nínú ìṣirò ọdún 2009 sí 2010, àìsàn ojú tí àtọ̀gbẹ ń fà kò ṣe ipò kìíní mọ́ nínú ohun tó ń fọ́ àwọn tó wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ lójú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí 50 ọdún. Wọ́n sọ pé ètò lẹ́tà yìí wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó fà á.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò tíì máa dé abúlé wa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Ẹgbẹ́ tó lè gba ọkọ̀ lọ ra ajílẹ̀ lè gba ọkọ̀ kan lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹgbẹ́ Bàbá Akọ̀wé ti ń ṣe é báyìí. Wọ́n yan ọ̀sẹ̀ tí olùra kòkó kì í wá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ á wí fún akọ̀wé níkọ̀kọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹgbẹ́ ń yá ẹni tí kò ní owó ọkọ̀, á sì san án padà nígbà ìkórè. Akọ̀wé ń kọ ọjọ́ tí oníkálukú lọ sínú ìwé ìdókòwò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọṣù. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n rí i lójú ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì ń ríran kedere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ. Àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ọdún kejì, kó lọ lọ́gán, nítorí ṣúgà lè ti wà lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa lọ lọ́dọọdún, àyàfi tí dókítà bá sọ iye ìgbà mìíràn. Ọmọdé tó ń gba abẹ́rẹ́ insulíìnì, kó tó pé ọdún márùn-ún tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ti ní àtọ̀gbẹ kó tó lóyún, kó lọ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, nítorí oyún lè mú kí ti ojú yára. Ẹni tó bá rí òwú dúdú lójijì, tàbí bí aṣọ tó ń bo ojú láti ẹ̀gbẹ́ kan, kó lọ lọ́jọ́ náà, kó má dúró de ọjọ́ ọjà.

Ọsibítù Yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, ti Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìdí-Àràbà ní Èkó ní ẹ̀ka ojú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, nítorí àwọn kan ní dókítà ojú tó ń wá lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín wọn agbára omi inú ojú pẹ̀lú. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé àìsàn tí agbára omi yìí sábà máa ń fà ló ṣe ipò kejì nínú ohun tó ń fọ́ wa lójú, òun náà kì í sì í dunni.

Bàbá Akọ̀wé ní kí n fi èyí kún un, pé àwọn kò lè ka ara ike oògùn kòkó mọ́, ọmọ àwọn ló ń kà á fún àwọn kí àwọn tó pò ó. Bí ẹ bá ń lọ sí oko, ẹ wọ bàtà, nítorí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ojú rẹ̀ sì ṣe bàìbàì kì í rí ẹ̀gún, ó sì lè má mọ̀ pé ó gún òun.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò padà sórí èèbù iṣu, bí a ṣe ń gé e àti ìdí tí a fi ń fi eérú pa ojú ibi tí a gé.